Babalọlá Mẹ́rìndínlógún

Ẹ má fi ìbínú mi pè mí o. Àwọn ará Kétu ní èmi Yéjídé kò ní sùúrù, pé bí oníbàárà bá ta ìka sí ìkòkò mi lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rà á, mo lè bu omi lù ú. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀, àfi ibì kan báyìí, ẹ ó sì mọ ibẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú ọyẹ́, mo wà nídìí ìkòkò mi lọ́jà, mo ń bá obìnrin Adakplamè kan fa ọ̀rọ̀ lórí ìdérí, nígbà tí mọ́tò Pobè já èrò sílẹ̀. Ta ni mo rí? Clémence, ọmọ Barnabé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Clémence! Ta ló nà ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Táńtí."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí wá ni? Àbí èmi lo fẹ́ kí n kú?"

Bó ṣe bú sẹ́kún nìyẹn, láàárín ọjà. Mo ní kí obìnrin Adakplamè máa gbé ìdérí lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sáà kúrò níwájú mi. Òun náà kò kúrò, ó dúró tì wá, ó fẹ́ gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Oṣù mẹ́fà ni Clémence ti wà ní Kútọnu, ní bírò kan tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ ńlá tí àwọn Faransé ń pè ní ọ̀dínátọ̀. Ẹ̀rọ náà tóbi ju yàrá mi lọ. Kò ní ojú, kò ní etí, káàdì líle pélébé tí wọ́n ti lu ihò sí lára ni ó ń kà, ihò wọ̀nyẹn sì ni ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́. Iṣẹ́ Clémence ni láti ronú àṣẹ tí yóò pa fún un, kó lù ú sára káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kó wọn sí i lẹ́nu. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni o! Ọmọ tí kò tíì mọ iyọ̀ ọbẹ̀ wọ̀n dáadáa!

Àwọn méjì ni wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà: òun àti Désiré, ọkùnrin Àjàṣẹ́ kan tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà. Lọ́jọ́ Túsidé tó ń bọ̀, ọ̀gá wọn yóò fún wọn ní ogún orúkọ ènìyàn. Orúkọ ẹni wà lọ́tọ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kí ẹ̀rọ so méjèèjì pọ̀, kí ó sì to gbogbo wọn láti orí A lọ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yọrí yóò dúró. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yọrí, ó dàbọ̀.

"Tìrẹ kò yọrí ni?"

Ó yọ ìwé gígùn kan tí wọ́n ká jọ láti inú àpò. Orúkọ àwọn ará ilé wa àti ti àdúgbò ló fi dán iṣẹ́ náà wò, ogún géérégé. Mo tú ìwé náà. Mo lè kà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo rí Babalọlá. Mo rí Babalọlá lábẹ́ rẹ̀. Mo tún rí Babalọlá. Mo kà á títí: Babalọlá mẹ́rìndínlógún, kí a tó wá rí ẹni mẹ́rin mìíràn ní ìdí ìwé. Orúkọ kọ̀ọ̀kan sì lẹ̀ mọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ gbàgbàgbà, ó gùn bí okùn kànga.

Mo fẹ́ bá a sunkún, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ̀rín ló gbé mi. Mo rín, mo di ìkòkò mú. Obìnrin Adakplamè tí kò mọ ohun tí à ń rín náà ń rín. Clémence wò wá, ó fẹ́ bínú, ni òun náà bá pariwo ẹ̀rín pẹ̀lú omijé lójú.

Nílé ni ìran gidi wà. Babalọlá tí à ń wí yìí, àbúrò wa ni, ọmọ ìyàwó kejì bàbá wa, onígbàjámọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó gbọ́ pé òun pé mẹ́rìndínlógún nínú ẹ̀rọ òyìnbó, ó ju abẹ tó fẹ́ fi fá orí fún ẹnì kan sílẹ̀, ó ń jó káàkiri agboolé.

"Ẹ̀rọ yẹn mọ èèyàn! Mẹ́rìndínlógún! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi jà mọ́ o, ogun ni mo jẹ́!"

Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí wà lórí ẹní rẹ̀. Àbúrò bàbá tó bí wa ni, àgbà agboolé, ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ. Ó ní kí wọ́n ka orúkọ tòun fún òun.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Clémence wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀ bí?"

"Mo kọ yín sí i o. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ tò wọ́n tán, a ò rí yín mọ́."

"Háà! Wọ́n ti sin mí ní Kútọnu!" Bàbá gbé ọwọ́ lé orí. "Ta ló jẹ ewúrẹ́ ìsìnkú mi? Babalọlá, ìwọ ni, o ti pọ̀ jù!"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rín, Barnabé. Kátékísì ni ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ ìgbàgbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fadá, a máa ki ọrùn bọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọ kọ́là. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá ní, "Clémence, má da ara rẹ láàmú. Ọlọ́run ló fi ọ̀nà hàn ọ́ yẹn. Désiré yẹn jù ọ́ lọ. Ọkùnrin ni, ó ní ọmọ tó ń bọ́. Lọ́jọ́ Túsidé, sọ fún ọ̀gá rẹ pé o yọ̀ǹda àyè náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ. A kọ́ ọ nílé. Àgbà dé, ọmọdé á dìde."

"Bàbá, mo fẹ́ iṣẹ́ náà."

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ ẹ. Dìde fún un náà ni mo wí."

Clémence fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ó ká ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọmọ náà ni ẹ lè mọ bó ṣe dùn ún tó. Ọmọ tó ti ń ka nọ́ńbà ara mọ́tò láti kékeré, tó ń to ìkòkò mi láti orí kékeré dé orí ńlá kí ó tó mọ̀rọ̀ sọ dáadáa, ó ti rí iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún láyé, wọ́n sì ń ní kó gbé e fún ẹlòmíràn nítorí pé ẹni yẹn kọ́kọ́ rí oòrùn. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Mo gbé e mì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n dé láti Mísà lọ́jọ́ Àìkú, ikùn kún, oòrùn ọyẹ́ tutù lára. Mo kó àpótí ìjókòó márùn-ún jáde, mo tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

"Ẹ wá jókòó. Lónìí, ẹ̀yin ni orúkọ inú ẹ̀rọ. Clémence yóò máa ka àṣẹ bó ṣe lù ú sára káàdì, kò ní fi kún un, kò ní yọ níbẹ̀. Ohun tó bá sọ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni."

"Yéjídé, kí lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ?" Barnabé ló bèèrè.

"Mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n jókòó bí ará Kétu ṣe ń jókòó, láti orí àgbà dé orí ọmọdé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí wà lórí àpótí kìíní. Barnabé tẹ̀lé e. Lábọ̀dé, oníṣòwò aṣọ tó ti Mẹ̀kọ wá gba yàrá lọ́dọ̀ wa, jókòó ṣìkẹta. Babalọlá ṣìkẹrin, ó ń ṣe fọ́ńté bí ọba. Marguerite, ìyàwó Barnabé, ìyá Clémence, wà nídìí pátápátá, nítorí pé wọ́n ti bí Babalọlá nínú ilé náà kí wọ́n tó gbé ìyàwó náà wọlé.

Clémence mú ìwé rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kì í wo gbogbo orúkọ lẹ́ẹ̀kan, méjì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ń wò, láti òkè dé ìdí, á tún padà sókè, títí kò fi ní sí èyí tó kù láti tún ṣe. Lójú rẹ̀, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ṣáájú ni àgbà.

"Àpótí kìíní àti èkejì," ló kà. "Ṣẹ̀hìndèmí àti Barnabé. B ṣáájú S. Kí Barnabé lọ jókòó sórí àpótí kìíní."

Kò sẹ́ni tó mira. Barnabé wo Bàbá. Bàbá wo Barnabé.

"Ta ló fẹ́ dìde fún ta?" ni Bàbá bèèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni mo wí, "nínú ẹ̀rọ, Barnabé ni àgbà yín."

Bàbá ronú sí i. Ojú rẹ̀ wá ń tàn díẹ̀díẹ̀. "Ṣé èmi ni ọmọdé? Ó ti tó àádọ́rin ọdún tí mo ti ṣe ọmọdé kẹ́yìn!" Ó fò dìde, mo ní ó fò, ẹni tí à ń gbé jókòó. Ó kí Barnabé pé, "Ẹ jókòó, Bàbá," ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó fi ìyókù sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro, ó sì rọra bá tirẹ̀ lọ. Barnabé jókòó lórí àpótí kìíní, ìtìjú sì mú un débi pé ìdí kan ṣoṣo ló fi kàn án.

"Àpótí kejì àti ìkẹta," ni Clémence tún kà. "Barnabé àti Lábọ̀dé."

"Dúró," ni mo wí. "Barnabé ti wà lórí ìkìíní. Báwo ló tún ṣe wà lórí èkejì?"

"Táńtí, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Bó bá gbé orúkọ lọ síbòmíràn, ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀ bí ẹní fi èédú kọ̀wé sára ògiri, àfi bí a bá kọ òmíràn bò ó."

"Ìyẹn ni pé Barnabé ti di méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí dà?"

Gbogbo wa wẹ̀yìn. Bàbá ti wà lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó ń họ ẹ̀pà jẹ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n lọ síbẹ̀?" Mo ń bi Clémence. "Ka ibi tí o ti kọ ọ́ fún mi."

Ó wo ìwé. Ó yí i. Ó tún wò ó. "Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Mo kọ pé kí àgbà jókòó. Ṣebí ọmọdé tó bá dìde fún àgbà á wá ibi tó máa jókòó fúnra rẹ̀?"

Ni ẹnu rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, tí kò pa dé.

"Yéè!" Ó ju ìwé sókè. "Yéè, Táńtí! Ẹ̀rọ ò mọ̀! Wọn ò tọ́ ọ ní Kétu! Bí mi ò bá sọ ibi tí ẹni tó dìde máa lọ, kò lọ síbì kankan, ṣe ló ń pa rẹ́! Ohun tó gbé Bàbá nìyẹn! Ìdí tí Babalọlá fi kún gbogbo ibẹ̀ nìyẹn, òun ni B-A-B, gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń dìde fún un!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Babalọlá wí.

"Panu dé!" ni gbogbo wa wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wọ yàrá, mo gbé àpótí kẹfà jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òfìfo. "Ẹni tó bá máa dìde, kó kọ́kọ́ jókòó síbí. Kí àgbà wá gba àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó wà níbí lọ gba èyí tí àgbà fi sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí?"

Clémence ti ń kọ ọ́, ó ń kọ ọ́ lórí itan rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Káàdì mẹ́ta! Káàdì mẹ́ta péré, Táńtí!"

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀," ni Lábọ̀dé wí.

"Ta ni kò bá ronú kan irú ìyẹn?" Barnabé ló wí bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àlùfáà. "Nǹkan kékeré. Ọmọdé tó dìde náà kò ṣá pòórá."

Ibi tí mo wí fún yín nìyí.

"Kò pòórá?" Mo gbọ́ tí ohùn mi ga. "Barnabé! Níbo ni èmi lọ?"

Ó ní, "Ìgbà wo?"

"Ìgbà wo lẹ tún ń bi mí! Ọdún kẹta tí mo wà níléèwé àwọn fadá. Ọ̀pẹ já yín lulẹ̀, ẹsẹ̀ yín ò gba oko mọ́, bàbá wa sì ní ọmọ kan ṣoṣo ni òun lè yọ̀ǹda fún ìwé. Wọ́n wọlé bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní, Yéjídé, dìde fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo dìde. Mo gbé síléètì mi fún yín, ẹ jókòó, ibẹ̀ ṣì gbóná. Ta ló bi mí níbo ni mò ń lọ? Ìdí amọ̀ ni mo lọ! Láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà níbẹ̀! Mo nífẹ̀ẹ́ ìkòkò mi, mi ò sọ pé mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí!"

Ẹ̀rín ti kúrò nílẹ̀. Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí dẹ́kun ẹ̀pà jíjẹ. Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá dìde, ó rìn wá, ó sì jókòó gbọin sórí àpótí òfìfo. Ó ní, "Clémence, pa àṣẹ. Èmi ọmọdé ti dé ìdúró mi."

Bí ẹ̀rín ṣe padà nìyẹn, ó sì padà ní ìlọ́po méje. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Bàbá dìde nínú àwòlọ àkọ́kọ́ láti òkè dé ìdí nìkan, nítorí gbogbo ènìyàn ló ṣáájú rẹ̀, gbogbo wọn ni Bàbá sì ń kí pé, "Ẹ jókòó, Bàbá," tó fi dé Marguerite ìyàwó ilé, tó bo ojú tó sì sá yí igi máńgòrò po kí ó tó gbà láti jókòó ṣáájú rẹ̀. Ní àwòlọ kejì, Babalọlá kọjá síwájú Lábọ̀dé. Ní ẹ̀kẹta, òun àti Barnabé kojú. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B-A, a wo lẹ́tà tó tẹ̀lé e, Babalọlá ló ṣáájú. Kátékísì wá jókòó sẹ́yìn onígbàjámọ̀. Kò jiyàn. Ìyẹn gan-an yà mí lẹ́nu.

A pe orúkọ: Babalọlá, Barnabé, Lábọ̀dé, Marguerite, Ṣẹ̀hìndèmí. Wọ́n pé. Àwọn aládùúgbò tó ti kún ẹnu ọgbà pàtẹ́wọ́.

Ó wá ku orúkọ tó lẹ̀ mọ́ra. Mo ní kí Marguerite jẹ́ orúkọ ẹni, kí Bàbá Ṣẹ̀hìndèmí jẹ́ orúkọ bàbá, kí wọ́n wá jókòó pọ̀ sórí ẹní bí Clémence ṣe so wọ́n.

"Èmi?" ni Marguerite wí. "Kí n fara kan àna mi? Èèwọ̀!" Ó fa igbá ńlá kan, ó gbé e sáàárín òun àti Bàbá, kó tó jókòó.

"Clémence, ṣé o rí igbá yẹn?"

"Mo rí i, Táńtí. Mo rò pé ẹ̀rọ náà á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ó yẹ kí àyè wà láàárín wọn."

"Ẹ̀rọ wo ló mọ àna! Àyè náà gan-an, òfìfo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, so òun náà mọ́ ọn. Orúkọ, igbá, orúkọ."

"Orúkọ, igbá, orúkọ," ló ń wí, ó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan yí agboolé ká bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwa tó kù náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Títí oòrùn fi rọ̀, kò sí ẹni tó ń jókòó ti ẹnì kejì nínú ilé wa tí kò ní kí wọ́n gbé igbá wá.

Mo rò pé Barnabé yóò tún dá ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda sílẹ̀. Kò sọ ọ́, kò sì sọ pé òun ti yí ọkàn padà. Ó kàn ní òun máa bá wa dé Kútọnu. Mo ní lọ́kàn mi pé ńṣe ló fẹ́ lọ dúró ti ọmọ, kó má baà gbàgbé láti dìde fún Désiré.

Lọ́jọ́ Túsidé, ní agogo mẹ́wàá, a wà ní bírò náà. Ọ̀gá Gaston, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ awò ojú, jẹ́ kí èmi àti Barnabé jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo sọ fún un pé mi ò ní lọ síbì kankan. Ó ṣàlàyé fún wa: ẹ̀rọ náà wà fún ìdánwò yìí títí di agogo méjìlá, lẹ́yìn náà àwọn ẹlòmíràn ló ni ín. Ẹ̀rọ ìlukáàdì kan ṣoṣo ló wà, àga kan ṣoṣo ló sì wà nídìí rẹ̀. Désiré kò tíì dé, mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Ó ní kí Clémence bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi jókòó. Ó ń lu káàdì, pà, pà, pà. Mo ń gbàdúrà sí Ọlọ́run fadá àti ti ìmàle pọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sáà gbọ́. Agogo kọjá mọ́kànlá. Káàdì rẹ̀ ti lé ní ìdajì nígbà tí Désiré wọlé, òógùn bò ó, ìdì ìwé wà lábíyá rẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ènìyàn rere ni. Ó kí wa dáadáa. Ó wá rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó dúró síbẹ̀ bí àgbà ṣe máa ń dúró ti ọmọdé tó jókòó, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Àbúrò mi," ló wí, "jẹ́ kí n tètè ṣe tèmi."

Mo rí ẹ̀yìn Clémence. Mo rí bí ó ṣe nà. Kò ronú sí i rárá, ara rẹ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, ara tí a kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ti ń kó káàdì rẹ̀ jọ. Ìdí rẹ̀ ti kúrò lórí àga. Mo fẹ́ pariwo, èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún di ọmọ kékeré lórí bẹ́ǹṣì.

"CLÉMENCE! JÓKÒÓ!"

Barnabé ni. Ó ti dìde dúró, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ohùn tó fi ń dárí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ké e, gbogbo akọ̀wé tó wà ní yàrá kejì yọrí jáde. "Jókòó! Má dìde! Àyè rẹ nìyẹn, jókòó síbẹ̀!" Ó wá yíjú sí Désiré, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ má bínú. Ẹ ní sùúrù fún un kó parí. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀."

Clémence jókòó. Ó lu káàdì bí ẹni tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kó wọn sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà kùn, ó gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tu ìwé jáde. Mi ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo lọ dúró tì í, mo fi ìka kà á. Ogún orúkọ. Ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Kò sẹ́ni tó di méjì, kò sẹ́ni tó sọnù, àyè wà láàárín orúkọ àti orúkọ bàbá, wọ́n sì tò láti òkè dé ìdí. Mo gbá ọ̀gá Gaston mọ́ra, awò ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Désiré jókòó, ó sáré lu tirẹ̀, ṣùgbọ́n agogo méjìlá lù kó tó dé ìdajì. Ọ̀gá Gaston ní kí Clémence wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Désiré bọ Clémence lọ́wọ́ kí ó tó lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Clémence ń jó nínú yàrá pẹ̀lú àwọn akọ̀wé. Mo jáde láti wá Barnabé. Ó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri ti ṣíji, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ti sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sunkún, kò sunkún nígbà tí ọ̀pẹ já a.

"Yéjídé," ló wí, kò wò mí. "Mo rí ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó, mo sì wo ojú fèrèsé, mo rí ibi tí o gbà lọ. Ọ̀nà ìdí amọ̀ ni. Mo mọ̀. Mo fi ojú mi sí síléètì."

Mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ fún ọjọ́ náà, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi to wọ́n jọ, ọ̀rọ̀ gbígbóná tó lè bó ènìyàn lára. Mo wá wọn, mi ò rí ẹyọ kan. Mo gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀, mo sì fi dé e lórí. A jọ wọlé padà lọ bá ọmọ wa.